Koríko tó hù nínú ilé ọ̀rẹ́ mi

Oṣù mẹ́jọ ni koríko fi hù nínú ilé tí ọ̀rẹ́ mi ń kọ́ ní Ọbáńtokò, inú mi sì ń dùn sí i. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Bí mo bá ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láàárọ̀, tí a dé ìyànà yẹn, mo máa ń na ọrùn síta láti wò ó bóyá wọ́n ti gbé búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn. Tí mo bá rí i pé kò sí ohun tó yí padà, pé ògiri ò tíì kọjá orí fèrèsé, pé ewé tilẹ̀ ti ń yọjú láti inú pálọ̀, ara mi á balẹ̀. Ọjọ́ náà á fúyẹ́ fún mi.

Ọ̀rẹ́ mi yìí kò ṣẹ̀ mí. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, òun ló ń wá wẹ ọmọ fún mi láàárọ̀ kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣọ́ ilé rẹ̀ pé kó má lọ síwájú. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí nítorí ó dá mi lójú pé ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ìtòkú la dàgbà sí, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ. Aláró ni ìyá wa, àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti oníko ni wọ́n ń ṣe. Iṣẹ́ ìjọba ni bàbá wa ń ṣe ní tiwọn, wọ́n sì gbà pé ìwé nìkan ló lè gbé ọmọ tálákà ga. Ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gba ìwé èsì ìdánwò wa, wọ́n á wo ipò tí a gbà, wọ́n á wá bi wá ní ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ti gbọ́ rí: "Ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní ni?"

Ìbéèrè kan náà ni, ẹnu kan náà ló ti jáde, iwájú àga kan náà la sì jọ dúró sí. Àbúrò mi á dáhùn pé, "Rárá, sà. Orí kan náà ni." Á sọ ọ́ tọkàntọkàn, bí ẹni pé ohun tí bàbá wa fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Kí wọ́n tó pa ìwé náà dé, ó ti wà níta, ó ti ń bá àwọn ọmọ ilé kejì ta òkòtó. Èmi kì í lè dáhùn. Mo máa ń gbé ìbéèrè náà lọ sórí ẹní lálẹ́. Mo máa ń ronú nípa ọmọ tó gba ipò kìíní yẹn, irun tí ìyá rẹ̀ dì fún un, bó ṣe ń fi bébà bo ìwé rẹ̀, bàtà rẹ̀. Mo mọ iye máàkì tó fi jù mí lọ nínú ìṣirò. Mẹ́ta ni, n kò tíì gbàgbé.

Fún ọdún pípẹ́, mo di ẹ̀bi náà ru bàbá wa. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ pé ìbéèrè yẹn nìkan ló ń dá ọgbẹ́ síni lára, àbúrò mi náà ìbá ní ọgbẹ́. Bí a ṣe dá kálukú ló yàtọ̀. Ọkàn àwọn kan dà bí orí òkúta Olúmọ: bí òjò ti wù kó pọ̀ tó, ó ń ṣàn kúrò lórí rẹ̀ ni. Ọkàn tèmi dà bí kòtò ẹnu ọ̀nà, gbogbo ọ̀gbàrá àdúgbò ló ń wá dúró síbẹ̀.

Nígbà tí mo wá dàgbà, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí àwọn onímọ̀ sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé wọ́n ti ń bọ̀ lórí rẹ̀ tipẹ́. Ní 1954, Leon Festinger, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé èèyàn máa ń fẹ́ mọ ibi tí agbára òun mọ, àti pé bí kò bá sí òṣùwọ̀n kan tó dájú, ẹlòmíràn ni yóò fi wọn ara rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹni tó jìnnà sí wa la máa ń lò, bí kò ṣe ẹni tó jọ wá. Yorùbá ti ní orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́. Kò sí aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú tí owó Dangote ń dà láàmú lóru. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ọjà lọ́dún kan náà, ni kì í jẹ́ kó sùn.

Ní 1999, Frederick Gibbons àti Bram Buunk, ọ̀kan ará Amẹ́ríkà, èkejì ará Netherlands, gbé ìbéèrè 11 kalẹ̀ tí a fi lè mọ bí ẹnì kan ṣe máa ń fi ara rẹ̀ wé ẹlòmíràn tó. Ó hàn pé a ò ṣe é bákan náà. Àwọn tí ọkàn wọn tètè ń dà rú, tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dá ara wọn lójú, tí ìsoríkọ́ sì sún mọ́, ni wọ́n sábà máa ń ṣe é jù. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ràn gidigidi: irú àwọn èèyàn yìí kan náà ló máa ń fiyè sí ẹlòmíràn, tó máa ń fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí lára ọmọnìkejì. Olùkọ́ ni mí, kíláàsì kẹta nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ń kọ́. Bí ọmọ kan bá wọlé láàárọ̀ láìjẹun, mo máa ń mọ̀ kó tó jókòó. Bí ìyá àti bàbá kan bá jà mọ́jú, mo máa ń rí i lójú ọmọ wọn. Ojú tí mo fi ka máàkì mẹ́ta yẹn náà ni mo fi ń rí wọn. Nítorí náà, n kì í gbàdúrà kí wọ́n mú ìwà yìí kúrò lára mi.

Mo gbé e kiri fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò sì pa mí. Ó máa ń ta mí, n ó rò ó, n ó sùn. Ìgbà tí nǹkan mìíràn wá bá a ló di ewu.

Ní oṣù kẹta 2020 ni wọ́n ti àwọn ilé ìwé pa nítorí àrùn kòrónà. Ilé ìwé aládàáni ni mo wà, owó oṣù dúró. A rọ́jú. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí ilé ìwé padà, àìsàn ti dá bàbá wa dùbúlẹ̀, kí ọdún náà tó parí, a ti sin wọ́n. Gbogbo èèyàn ní mo ṣe ọkàn akin. N kò sunkún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni pé gbogbo nǹkan ṣá, bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn tí wọn ò ká. Láfún tí mo fẹ́ràn láti kékeré di iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu mi. Mo máa ń dúró ti ìkòkò lórí iná, n ó gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sè. Bí aago méjì òru bá lù, ojú mi á là rekete, kò tún ní pa dé mọ́ títí wọ́n á fi pe ìrun.

Aago méjì òru yẹn ni mo máa ń gbé fóònù. A ní ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, àwa tí a jọ jáde nílé ìwé girama. Ẹnì kan wà ní Kánádà, ó dúró nínú yìnyín. Ọmọ ẹnì kan ti wọ yunifásítì. Ọ̀rẹ́ mi yìí gbé àwòrán ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀ sí i, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Olúwa ṣeun, a ti bẹ̀rẹ̀." Mo kọ "Kú oríire o" sí i pẹ̀lú gbogbo àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà, mo dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn, mo ń ṣírò. Ọmọ ọdún mélòó ni wá? Kí ni mo ti ní? Ọdún mélòó ló kù? Aaron Beck, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ìsoríkọ́ láàárín ọdún 1960 sí 1970, ṣàlàyé pé nǹkan mẹ́ta ni ẹni tó ní in máa ń rí ní dúdú: ara rẹ̀, ayé tó yí i ká, àti ọjọ́ iwájú. Lójú fóònù kékeré yẹn, mo rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé owó tán lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, pé àwọn bíríkìlà ti kúrò níbẹ̀. Òru ọjọ́ náà, mo sùn di àárọ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ koríko.

Ìwádìí kan wà tí n kò lè kà láì dúró láàárín. Ní 1997 ni Sonja Lyubomirsky àti Lee Ross tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ọmọláńgidi tí a ń ki ọwọ́ bọ̀ kọ́ni, bí ẹni pé àwọn ọmọdé ló ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ fún kálukú bí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe rí, wọ́n sì jẹ́ kó gbọ́ bí ti ẹnì kejì ṣe rí. Àwọn tí inú wọn sábà máa ń dùn, ohun tí wọ́n sọ fún wọn nípa iṣẹ́ tiwọn ló ká wọn lára jù. Àwọn tí inú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn kò rí bẹ́ẹ̀. Inú wọn yọ́ díẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ò ṣe dáadáa ṣùgbọ́n ẹnì kejì tún burú jù wọ́n lọ, ju ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ṣe dáadáa ṣùgbọ́n ẹnì kejì tún dára jù wọ́n lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí tiwọn bàjẹ́, bí ti ẹnì kejì bá ṣáà ti bàjẹ́ jù ú. N kò rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Mo mọ̀ wọ́n. Mo ti wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Ọbáńtokò, tí n kò ní owó oṣù, tí n kò ní bàbá, tí n kò ní oorun, tí ewé tó hù nínú pálọ̀ ẹlòmíràn sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó tù mí lára láàárọ̀ yẹn.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Ó wá kí wa ní ọjọ́ Àìkú kan, mo ń ka oríire àwọn ẹgbẹ́ mi fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ kí n parí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà."

Mo mọ ibi tó ń sọ kó tó dárúkọ rẹ̀. Aro ni, ọsibítù àwọn tó ní àrùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta. Nílùú yìí, èébú ni Aro jẹ́ lẹ́nu wa. Ọmọ tó bá ń sáré kiri, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lọ sí Aro. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń lò ó, nítorí ìtàn ibẹ̀ yẹ kó máa mú wa gbórí sókè. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, 1923 ni wọ́n bí i. Ní 1954, ọdún kan náà tí Festinger kọ ohun tí mo sọ lókè, Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò tí ayé wá kọ́ níbẹ̀: àwọn aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, pẹ̀lú ẹbí tó tẹ̀lé wọn wá, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń padà sáàárín èèyàn. Nígbà tí àwọn dókítà òyìnbó kan ń sọ pé ìsoríkọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe aláwọ̀ dúdú, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell kó èèyàn jọ ní 1961, wọ́n lọ bá àwọn ará abúlé Ẹ̀gbá àti ará ìlú Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀. Wọ́n rí àmì ìsoríkọ́ láàárín wa. Mo máa ń ronú nípa àwọn ìyá àgbà tó dá wọn lóhùn nígbà náà, lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Obìnrin ni dókítà tó rí mi. Wọ́n béèrè nípa oorun, oúnjẹ, okun ara, bóyá mo ti ronú pé kí n kú. Wọ́n wá béèrè ojú tí mo fi ń wo ara mi. Mo ní, "Mà, gbogbo ẹgbẹ́ mi ti kọjá mi lọ."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Láti ìgbà wo?"

Mo la ẹnu láti sọ pé láti ọjọ́ tó ti pẹ́, n kò sì rí nǹkan sọ. Ẹni tó wà ní Kánádà, láti 2016 ló ti wà níbẹ̀. Mo sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú, mo ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi ti ra ilẹ̀ yẹn láti 2018. Mo tẹ̀lé e lọ wò ó, èmi ni mo tilẹ̀ sọ fún un pé kó rọra wádìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ kó tó sanwó. Kò sí ìkankan nínú àwọn oríire náà tó jẹ́ tuntun. Ìrora nìkan ló jẹ́ tuntun.

Mo jókòó síbẹ̀ tí n kò lè dìde. Gbogbo ìgbà tí mo ń wo ilé ẹlẹ́gbẹ́ mi, mo rò pé ilé ni mò ń rí.

Oògùn tí wọ́n fún mi, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ kí n má bàa dá a dúró. Wọ́n ní kí n ra ìwé kékeré kan. Ìgbàkígbà tí mo bá bá ara mi níbi tí mo ti ń ka nǹkan ẹlòmíràn, kí n kọ ọ́, kí n sì kọ iye wákàtí tí mo sùn lóru àná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láàárín oṣù kan, mo rí ohun tí n kì bá gbà ká ní ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi. Ní ọjọ́ tí mo sùn wákàtí mẹ́ta, àwọn tó kọjá mi lọ kún ojú ìwé. Ní ọjọ́ tí mo sùn wákàtí méje, bóyá ẹnì kan, nígbà mìíràn kò sí.

Bí ara mi ṣe ń bọ̀ sípò, mo máa ń lọ jókòó ti ìyá mi ní Ìtòkú. Ọ̀pọ̀ aláàdìrẹ ti yí sí aró òyìnbó báyìí, ìyá mi ṣì ń po elú díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó mọyì rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i rí kò lè gbà á gbọ́. Aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò elú kì í ṣe aṣọ aláró lójú, àwọ̀ ewé tútù ló máa ń ní. Atẹ́gùn á fẹ́ sí i, lójú rẹ báyìí ni yóò máa yí, títí yóò fi di búlúù. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún fà á yọ. Ó sì tún dúdú ju bó ṣe máa rí lọ nígbà tó bá ṣì tutù. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan na ọwọ́ sí èyí tó ń ro omi lórí okùn, ó ní kí wọ́n dá owó lé e fún òun. Ìyá mi ò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná." Láti ọmọ ọwọ́ ni mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn. Ọjọ́ náà, mo gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn fún mi, nítorí mo gbà pé ó ń pa èèyàn lára. "Ẹ wo àwọn tí kò rí tó yín. Ẹ wo àwọn tó wà lórí ibùsùn nílé ìwòsàn. Àwọn ẹgbẹ́ yín kan ti kú." Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ó sì ṣeé ṣe kó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní 1981, Thomas Wills kọ̀wé pé èèyàn tí nǹkan ò dán mọ́rán fún máa ń wo ẹni tó burú jù ú lọ kí ara lè tù ú. Ó ń tuni lára lóòótọ́. Koríko Ọbáńtokò tù mí lára. Ìdí tí mo fi ń sá fún un nìyẹn: bí ìtura mi bá ti wà nínú ìpọ́njú ẹlòmíràn, ọjọ́ tí ẹni náà bá rí ìdẹ̀ra ni ìsinmi mi parí. Ọpẹ́ tí mo bá fẹ́ dú, mo fẹ́ kó jẹ́ lórí ohun tó wà lọ́wọ́ mi, láìka òkú ẹnikẹ́ni mọ́ ọn.

Ní kíláàsì mi, n kì í bi ọmọ kankan bóyá orí méjì ni ẹnì kejì ní. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dún tó kọjá tí mo rí ara mi nínú rẹ̀. Kì í wo ìwé tirẹ̀ bí mo bá dá a padà, ti ẹni tó jókòó tì í ló máa ń kọ́kọ́ wò. Mo mú ìwé tó lò ní sáà àkọ́kọ́ jáde, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó ń lò, mo ní kó fi ìka tọ́ka sí ohun tó lè ṣe báyìí tí kò lè ṣe nígbà yẹn. Ó pẹ́ kó tó rí ọ̀kan. Nígbà tó rí i, ó rí mẹ́rin mọ́ ọn. Ó ṣì máa ń yọjú wo ìwé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, n kò sì nà án nítorí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi parí ilé náà ní 2023. Mo lọ sí ìṣílé, mo bá wọn bu ìrẹsì ọ̀fàdà sínú ewé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo jókòó ní pálọ̀ tí mo ti rí tí koríko hù sí, mo ń wo ilẹ̀ tí wọ́n fi táìsì tẹ́. N kò sọ ọ̀rọ̀ koríko fún un. Bóyá n ó sọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó wá jókòó tì mí, ó gbé ẹsẹ̀ lé itan mi, ó ní kí n bá òun fa ìka ẹsẹ̀ òun. Mo fà á.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó tún dé. Mo jí ní aago méjì, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, fóònù ti wà lọ́wọ́ mi, mo ti ka ẹnì mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ra mọ́tò. Mo dìde, mo tan iná, mo wá ìwé kékeré náà jáde, mo kọ ọ́ sínú rẹ̀: "Wákàtí mẹ́ta. Òru kẹrin rèé." N kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Mo gbé fóònù lọ sí ilé ìdáná, mo fi í sínú àpótí tí a ń kó àwo sí, mo pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe àbúrò mi, mo ka òru mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un.

Ó ní, "Ẹ múra, ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń bọ̀ wá mú yín."